Ẹ Ka Orúkọ Bàbá Rẹ̀

Agogo méjìlá ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni ọta ba Tauno àbúrò mi lórí adágún Suovan, lójú mi kòrókòró. Mo rí i tó dá dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti ẹ̀yìn. Mo rí i tó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí yìnyín, kò sì mira mọ́. Àwọn méjì tí wọ́n jọ lọ wo ibi tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ìbọn arọ̀jò-ọta wọn sí lórí erékùṣù kékeré àárín adágún sáré padà, wọ́n bọ́ sínú yàrà wa, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn ò lè wojú mi. Mo fojú díwọ̀n ọ̀nà tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi. Kò ju ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Oṣù Èrèlé ọdún 1940 ni, ogun wa pẹ̀lú àwọn ará Rọ́ṣíà sì ti wọ oṣù kẹta.

Láti ìgbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa kò fi òkú ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, a ó gbé e, a ó fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tí wọ́n ti bí i, kí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú òfin. Àdéhùn ọkùnrin sí ọkùnrin ni. Èmi fúnra mi ti wọ́ òkú mẹ́rin lórí yìnyín kúrò níwájú ọ̀tá, ọ̀kan nínú wọn kì í tilẹ̀ kí mi nígbà tó wà láàyè. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwa olórí ẹ̀ka wá sí ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀gá wa ń gbé, mo rò pé ọ̀rọ̀ Tauno ni a fẹ́ sọ.

Lẹ́fútẹ́náǹtì Yrjö Rekola ni ọ̀gá wa. Ará Kuusiniemi ni, ìlú kan náà pẹ̀lú èmi. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí àpótí ọta, ó fi ago kọfí tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa mẹ́ta la jókòó yí i ká: èmi, Kọ́pùrù Sulo Närhi, àti káfíńtà àgbà kan tó ń jẹ́ Evert, tó ń darí ẹ̀ka kẹta.

"Wọ́n ti ya odi wa ní ìlà-oòrùn," ni Rekola wí. "Àṣẹ ti dé. Ní agogo mẹ́rin ìdájí ọ̀la, a ó fi ibí sílẹ̀, a ó lọ dúró lẹ́yìn odò. Evert, ìwọ àti àwọn tìrẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, ẹ kó àwọn tó gbọgbẹ́ dání. Sulo, kí iná wà nínú gbogbo ààrò, kí èéfín máa rú, kí wọ́n rò pé a ṣì wà ńlé. Ìbọn kan ṣoṣo ni yóò kù lẹ́yìn. Kó yìn níhìn-ín, kó sáré lọ yìn lọ́hùn-ún, kó dà bí ìbọn mẹ́ta."

"Ta ni yóò máa sáré ọ̀hún?" ni Sulo bi í.

"Ìwọ."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi gùn, orí mi ló kéré."

Evert rẹ́rìn-ín díẹ̀. Rekola bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán náà nílẹ̀.

"Tauno ńkọ́?" ni mo wí.

Kò gbójú sókè. "Tauno ti kú, Sájẹ́ǹtì."

"Ẹ ò sọ ohun tí mi ò mọ̀. Mo ní, Tauno ńkọ́?"

"A ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí òkú kan, mo pàdánù alààyè méjì. Kò sí igi, kò sí òkúta lórí adágún yẹn, gbalasa lójú ìbọn ni. Mi ò ní ẹni tí mo lè fi ṣòfò."

"Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá. Ọmọ olùkọ́ ni òkú ọ̀hún, wọ́n sì gbé e. Ọmọ ta ni Tauno? Ẹ sọ ọ́ síta kí àwọn wọ̀nyí gbọ́."

"Eljas," ni Evert wí jẹ́jẹ́, ó gbá mi lápá mú.

Mo já apá mi gbà. Ohun tó wà nínú mi ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún, kò tún ṣeé dì mẹ́rù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ọdún 1918, nígbà tí àwa ọmọ Finland dìde pa ara wa, tí àwọn kan ń jẹ́ Pupa, tí àwọn kan ń jẹ́ Funfun, Pupa ni Vihtori bàbá mi. Agégi ni, ó ń gbé orí ilẹ̀ olówó, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san owó ilé. Ó gbé ìbọn nítorí wọ́n sọ fún un pé ilẹ̀ yóò di ti ẹni tó ń ro ó. Nígbà tí àwọn Funfun ṣẹ́gun, wọ́n jókòó ṣe ìdájọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kuusiniemi, ọjọ́ kan ṣoṣo. Augusti Rekola, bàbá ọ̀gá wa yìí, ló jókòó sórí àga alága. Ọkùnrin mẹ́tàlélógún ni wọ́n kó lọ sí kòtò iyanrìn tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n síbẹ̀, wọ́n wọ́ iyanrìn lé wọn lórí. Pásítọ̀ kò bá wọn dé ibẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò dún. Oyún Tauno wà nínú ìyá mi. Lọ́dún yẹn kan náà, ìyá mi já ẹ̀ka igi sípúrúúsì, ó lọ tẹ́ ẹ sórí iyanrìn náà. Augusti Rekola gun ẹṣin wá sẹ́nu ọ̀nà wa, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ní: "Serafiina, bí mo bá tún rí ewé níbẹ̀, o ó kó ẹrù rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi." Mo dúró lẹ́yìn ìyá mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, orúkọ bàbá mi di ohun tí à ń sọ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń jalè.

Nígbà tí ogun yìí dé, èmi àti Tauno jọ lọ búra ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, lábẹ́ àsíá kan náà tí àwọn tó pa bàbá wa gbé. Èmi fi ẹnu búra. Tauno fi gbogbo ara búra. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí tiwa náà ni. Bí a bá jà fún un, wọn ò ní lè sọ pé kì í ṣe tiwa mọ́." Mo pè é ní òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i gan-an nìyẹn.

Mo dìde nínú ihò náà, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Ẹ̀yin Rekola!" ni mo pariwo. "Iṣẹ́ ìdílé yín ni láti máa fi ará ilé wa sílẹ̀ láìní ibojì. Bàbá yín ju bàbá mi sínú iyanrìn. Ẹ̀yin náà fẹ́ ju ọmọ rẹ̀ sórí yìnyín, kí ẹja jẹ ẹ́ nígbà tí adágún bá yọ́!"

"Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn," ni Rekola wí. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi."

Kọfí tó wà lórí ààrò hó, ó dà sórí iná, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, Eljas," ni Rekola wí níkẹyìn. "Bí o bá jáde sórí adágún yẹn, o ti kọ àṣẹ lójú ogun, o sì mọ ohun tí òfin wí. Ó tán. Ẹ lọ múra."

Mo jáde. Mi ò kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá.

Sulo sáré tẹ̀lé mi nínú yàrà. Ará Savo ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í lè sọ òótọ́ láì kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní, "Báwo la ṣe máa ṣe é?"

"Àwa kẹ̀? Èmi ni."

"Jókòó síbẹ̀. Ìwọ nìkan kọ́ ni Tauno máa ń pín sìgá fún. Mo ní báwo la ṣe máa ṣe é?"

Mo wo ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ ti yí sí gúúsù, òtútù ti rọlẹ̀, ìkùukùu sì ti wálẹ̀ dé orí igi. Apẹja ni mí kí n tó di ológun. Mo mọ̀ pé yìnyín yóò já lulẹ̀ kí agogo mẹ́ta tó lù, àti pé bó bá ti ń já, ènìyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mo tún mọ bí a ṣe ń fa àwọ̀n lábẹ́ omi dídì nígbà òtútù: okùn gígùn, ọkùnrin púpọ̀, kí gbogbo wọn fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má já a gbà.

"Wá okùn fún mi," ni mo wí. "Tú gbogbo èyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí a fi ń wọ́ ẹrù lórí yìnyín, so wọ́n pọ̀. Màá so orí rẹ̀ mọ́ ìbàdí, màá fi àyà wọ́ lọ. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá so ó mọ́ra mi. Bí mo bá já okùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fà."

"Bí o bá já a lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

"Mo ti kú nìyẹn. Kí ẹ ṣì fà."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọkùnrin méjìlá ló ti dúró sínú yàrà, okùn lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mi ò pè wọ́n. Méjì nínú wọn, Funfun ni bàbá wọn, mo sì mọ̀ ọ́n. Evert ló dúró sí ìparí, ó fi okùn yí ara rẹ̀ ká bí òpó.

Mo da aṣọ funfun borí, mo gun orí etí yàrà, mo fi àyà lélẹ̀. Bí mo ti ń wọ́ lọ, mi ò gbàdúrà. Mo ń ṣépè ni. Mo ṣépè fún Rekola, fún bàbá rẹ̀, fún ẹni tó yìnbọn láti erékùṣù, fún Tauno fúnra rẹ̀ tó fi gbogbo ara búra. Ìbínú yẹn ló mú mi gbóná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ara rẹ̀ ti le bí igi, ẹ̀jẹ̀ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ adágún. Mo ní láti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó dì mọ́ etídò. Apá rẹ̀ ọ̀tún nà sókè, kò ṣeé ká wálẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn yí i lábẹ́ abíyá tán ni afẹ́fẹ́ fẹ́ lù wá, tó gbá yìnyín tó ń já kúrò láàárín èmi àti erékùṣù bí ẹni ṣí aṣọ ojú fèrèsé. Mo rí wọn. Wọ́n rí mi. Ìbọn wọn bú.

Mo já okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrà lákòókò yẹn, Sulo ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ìbọn ti bú, Rekola sáré jáde láti inú ihò rẹ̀, ó rí ọkùnrin méjìlá lórí okùn kan. Ó ní, "Ẹ ju okùn yẹn sílẹ̀! Ẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́ yín!" Kò sẹ́ni tó jù ú. Ó tún un sọ, ó fọwọ́ kan ìbọn ìbàdí rẹ̀. Sulo dáhùn láì yíjú padà: "Ọ̀gá, òtútù ti lẹ ọwọ́ wa mọ́ okùn. Ẹ bá wa bẹ òtútù."

Ó ní Rekola dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ sídìí ìbọn arọ̀jò-ọta wa, ó ti ẹni tó wà níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dà á bo erékùṣù láì sinmi títí ọta fi tán. Nígbà tí ìbọn tọ̀hún gbé ẹnu dákẹ́, wọ́n ti fà wá dé etí yàrà, èmi àti Tauno, ara wa lu ara wa bí ẹja méjì nínú àwọ̀n. Ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì mi. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

Rekola wá síbi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ mi. Ó wo Tauno, ó wo apá rẹ̀ tó nà sókè.

"Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ni mo sọ fún un.

"Mi ò bèèrè ọpẹ́." Ó jókòó, ó yọ káàdì tí wọ́n máa ń so mọ́ àyà òkú ológun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ lórí orúnkún rẹ̀. "Pẹ̀lú ọwọ́ yìí, wọn ò ní jẹ́ kí o padà síbí láìpẹ́. O ó tẹ̀lé e délé. Bàbá mi ni yóò sọ̀rọ̀ lójú ibojì, òun ló máa ń sọ ọ́. Mo mọ bó ṣe máa sọ ọ́."

"Ẹ kọ lẹ́tà sí i nígbà náà."

"Bàbá mi kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀." Ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ káàdì náà, ó kọ ipò rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìwé ológun ni."

Mo kà á. Ó kọ ọ́ pé: *Tauno Honkasalo, ọmọ Vihtori Honkasalo, ará Kuusiniemi. Ó ṣubú lójú ogun.* Mo fi í sí àyà mi. Mi ò tún bá a sọ̀rọ̀. Ìdájí ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ wa fi adágún Suovan sílẹ̀, èéfín ń rú nínú àwọn ihò tó ṣófo, mo sì ń gbọ́ ìbọn Sulo lẹ́yìn wa, tó ń bú níhìn-ín, tó ń bú lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkọ̀ ojú irin gbé pósí Tauno dé Kuusiniemi. Àwọn obìnrin tó ń tọ́jú òkú ológun ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti yọ́ ara rẹ̀, apá rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ìyá mi ní òun yóò fi ojú òun rí i. Ó ṣí pósí náà nínú sáúnà wa, ilé kékeré tí a ti ń wẹ̀ nínú ooru, níbi tó ti bí i. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Kò sunkún.

"Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù," ló wí. "Èyí ni mo máa ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń wí. Èmi ti rí méjèèjì báyìí, Eljas. Òótọ́ ni."

Mo fún un ní káàdì náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Gbé e dání lọ́jọ́ Àìkú."

Pósí mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì lọ́jọ́ Àìkú náà. Ojú oòrùn mọ́lẹ̀ lórí yìnyín débi tó ń dun ojú. Gbogbo ìlú ló jáde. Wọ́n ti gbẹ́ ibojì àwọn akọni sí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, níbi tí olúkúlùkù yóò máa kọjá lára wọn kó tó wọlé. Èmi ni mo darí àwọn ológun mẹ́fà tó fẹ́ yìnbọn ìkẹyìn, àwọn tó gbọgbẹ́ tí a jọ wà nílé ìwòsàn tó wà nínú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ rántí ilé ẹ̀kọ́ wo ni.

Augusti Rekola sọ̀rọ̀. Arúgbó ni báyìí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì lágbára. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ bàbá wa, nípa ẹ̀jẹ̀, nípa àwọn akọni tí ìran wọn kò ní gbàgbé láéláé. Ìran wọn kò ní gbàgbé láéláé! Mo di ẹnu mọ́ títí eyín mi fi ń dún. Nígbà tó parí, ó fa ìwé orúkọ lé Pásítọ̀ lọ́wọ́. Pásítọ̀ wa kò dàgbà, kò tíì pé ọdún méjì nílùú.

"Martti, ọmọ Juhana Ylitalo," ni Pásítọ̀ kà. Wọ́n sọ pósí rẹ̀ kalẹ̀.

"Reino, ọmọ Kustaa Peltonen."

"Aarne, ọmọ Iisakki Ylitalo."

"Tauno Honkasalo, ọmọ opó Serafiina."

Àwọn tó gbé pósí náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ tẹ okùn náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ ka orúkọ bàbá rẹ̀," ló wí.

Pásítọ̀ wo ìwé náà. "Ìyá, ohun tí wọ́n kọ fún mi ni..."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Ṣé èmi nìkan ni mo bí i ni? Ṣé inú igbó ni mo ti lọ ká a bí ẹni ká olú? Ẹ ka orúkọ bàbá rẹ̀."

Augusti Rekola sún mọ́ ọn. "Serafiina, má ba ọjọ́ àwọn akọni jẹ́."

"Ìwọ lo bà á jẹ́, Augusti. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tó ti bàjẹ́. Lé mi kúrò lórí ilẹ̀ rẹ lónìí. Gun ẹṣin wá."

Mo kúrò níwájú àwọn ológun mi, mo fa káàdì náà yọ láyà, mo fi í lé Pásítọ̀ lọ́wọ́. "Ìwé ológun nìyí. Òun ló tẹ̀lé òkú náà dé láti ojú ogun. Ẹ wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀."

Ó wò ó. Ó tún un wò, ó wá gbójú sókè wo Augusti Rekola. Arúgbó náà já káàdì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i nígbà tó dá ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ mọ̀. Pásítọ̀ kò dúró gba káàdì náà padà. Ó ká ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sápò, ó sì kígbe débi tí àwọn tó wà lójú títì gbọ́:

"Tauno, ọmọ Vihtori Honkasalo!"

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí okùn. Bí pósí náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ki ọmọ rẹ̀, bí àwọn ìyá àtijọ́ ti máa ń ki òkú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń jà ló ṣe ń kì í: "Tauno, ọmọ Vihtori! Ọmọ agégi-má-gé-ti-olówó! Ọmọ ẹni tí wọ́n dájọ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n pa á lọ́sàn-án! O ò rí bàbá rẹ, bàbá rẹ ò rí ọ. Ilẹ̀ tí wọ́n fi dù ú ni ìwọ lọ kú fún. Sùn níbi tí wọn ò ti lè wò ọ́ kọjá!"

Bó ti dákẹ́ ni ohùn kan dún láàárín èrò. Loviisa Tamminen ni, opó tó ń fọṣọ fún àwọn ará ìlú. Kò sọ ju orúkọ kan lọ.

"Kalle Tamminen."

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn mìíràn: "Oskari Kujala." Lẹ́yìn náà, "Jalmari Kujala." Ọkùnrin kan tó ti hewú dárúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè ní gbangba, ń pe àwọn ọkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú iyanrìn wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń kà á lọ́kàn. Orúkọ mẹ́tàlélógún pé géérégé, pẹ̀lú ti bàbá mi.

Àwọn kan kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò kúrò. Bàbá Martti Ylitalo, tó wà lára àwọn Funfun lọ́dún náà lọ́hùn-ún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọmọ rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, kò gbé e padà sórí.

Mo padà síwájú àwọn ológun mi. "Ẹ gbé ìbọn sókè!"

"Sájẹ́ǹtì!" ni Augusti Rekola ké. "Àwọn akọni nìkan ni ìbọn ń dún fún níhìn-ín!"

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ẹ yìn!"

Wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí ilé agogo, gbogbo wọn pátá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwa bíi ogójì rìn lọ sí kòtò iyanrìn. Ọlọ́pàá ìlú wa dúró sójú ọ̀nà, ó ní òun kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gba àyè. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lára òpó, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Kò sí ohun tó fi hàn pé ènìyàn wà níbẹ̀ rárá, yìnyín àti koríko gbígbẹ ni. Ó tẹ́ ẹ̀ka sípúrúúsì mẹ́ta lélẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún níkẹyìn, mo sì múra láti dì í mú.

"Vihtori," ló wí, bí ẹni ń bá ọkọ tó pẹ́ níta wí, "wọ́n ti dárúkọ rẹ. Ó gbà wọ́n lọ́dún méjìlélógún àti ọmọ mi kan. Mi ò dárí jì wọ́n. Ìwọ náà má dárí jì wọ́n."

Ó gbọn yìnyín kúrò lẹ́nu aṣọ rẹ̀, ó wo oòrùn, ó sì yíjú sí mi.

"Ó yá, Eljas. Màlúù ò tíì jẹun."